Ẹ bá mi yẹ Gẹ̀ẹ́sì yìí wò kí n tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà

AláṣọÒkè_Ìsẹ́yìn · Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ìsẹ́yìn, mo sì ń bá èèyàn rán an. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù nìkan ni oníbàárà mi, Yorùbá la sì jọ ń sọ. Ní báyìí, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ wọn wà, láti London, láti Houston. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ló ń kọ̀wé sí mi torí ìgbéyàwó àti aṣọ ẹbí, wọn ò sì gbọ́ Yorùbá. Mo ka ìwé dé girama, àmọ́ owó ló wà ńbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan lọ́jú pọ̀.

Ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó tuntun kan rèé. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ:

“Good morning ma. Your cloth is remaining small. The hand is too long but I will cut it. My sister borrowed me the scissor. The black one will ready next tomorrow and the red one in eight days. My mother is sick, he is in hospital, so I am working alone since two weeks. You did not sent the balance?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wojú mi. Ibi tó bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ.

TíṣàFẹ̀yìntì · Ajé, 8:25 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Aláṣọ. Ọlọ́run á fún ìyá ní àlàáfíà, wọ́n á padà sílé ní àlàáfíà ara.

Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kíkọ́ni ní girama ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé àṣìṣe tí Yorùbá ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àìgbọ́n. Òfin Yorùbá kan ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, tí èèyàn pa mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Tí a bá rí òfin náà, àṣìṣe ọ̀hún á tán. Ẹni tó bá kàn ń há a sórí á tún padà ṣe é lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n mú “cloth”. Lọ́dọ̀ wa, èyí tó wà lórí òfì, aṣọ ni. Èyí tó wà nínú àpò, aṣọ ni. Èyí tí ẹ wọ̀ lọ sí òde àná, aṣọ náà ni. Gẹ̀ẹ́sì pín in. “Cloth” ni èyí tí a kò tíì rán, òun náà sì ni wọ́n ń pe àkísà tí wọ́n fi ń nu tábìlì. Tí a bá ti rán an di wíwọ̀, ó di “clothes”, èyí kò sì ní ẹyọ kan: ẹ ò lè sọ pé “one clothes”. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ pe orúkọ rẹ̀: “dress”, “blouse”, “wrapper”. Bùbá, agbádá àti gèlè, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ́, àwọn ọmọ náà mọ̀ wọ́n. Odidi ìró, bùbá, gèlè àti ìborùn tí a jọ rán fún ẹnì kan, “outfit” ni kí ẹ pè é.

“Remaining small” ńkọ́? “Ó ku díẹ̀” ni ẹ ní lọ́kàn, ẹ wá tú “ku” lọ́tọ̀, ẹ tú “díẹ̀” lọ́tọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rò pé aṣọ náà kéré, pé kò ní gba òun. Ẹ̀rù á bà á. “Almost ready” ni kí ẹ kọ.

Ọwọ́ wá ni ibi tí oníṣẹ́ aṣọ gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra jù. Láti èjìká títí dé ìka, ọwọ́ la ń pè é. Láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, Gẹ̀ẹ́sì ní “arm”. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìka, “hand”. Ọwọ́ aṣọ kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, “sleeve” ni. Tí ẹ bá kọ̀wé sí ọmọ náà pé kó fi “hand length” ránṣẹ́, á gbé téèpù lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, á fà á dé orí ìka àárín, á sì kọ íǹṣì méje sí yín. Ẹ ó wá máa wò ó pé ṣé ọmọ ọwọ́ ló ń ṣègbéyàwó. “Sleeve length” ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì sọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀: “from the shoulder to the wrist”. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀: “leg” wà, “foot” wà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò sì jẹ́ “trouser leg”.

Mò ń bọ̀ wá parí èyí tó kù.

Ọmọ_Mushin · Ajé, 9:02 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ sà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo rò pé ẹ ti le jù. Kí ló burú nínú “next tomorrow”? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn Oxford English Dictionary fúnra wọn kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wọnú ìwé wọn, “next tomorrow” sì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú “danfo”, “okada” àti “mama put”. Gbogbo wa la gbọ́ ọ láti Badagry dé Maiduguri. Gẹ̀ẹ́sì tiwa ni. Èmi ò rí ìdí tí Ìyá Aláṣọ á fi máa tijú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Manchester · Ajé, 9:30 àárọ̀

Àbúrò, òótọ́ lo sọ, kò sí ìtìjú nínú ẹ̀. Tí Ìyá Aláṣọ bá ń kọ̀wé sí oníbàárà ní Abuja, kí wọ́n fi “next tomorrow” sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ ẹni tó máa ka ìwé ni ká wò. Ọmọ tí wọ́n bí sí London á ka “next tomorrow”, á máa rò ó bóyá ọ̀la ni tàbí ọ̀túnla. Ọjọ́ tí aṣọ máa jáde kì í ṣe nǹkan tí à ń fi sílẹ̀ kí oníbàárà máa méfò. “The day after tomorrow” ni kí wọ́n kọ, tàbí kí wọ́n dárúkọ ọjọ́ náà gan-an, “Wednesday”, kí ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀.

Òmíràn tó jọ ọ́: ẹ má kọ “I am coming” sórí WhatsApp nígbà tí ẹ bá fẹ́ dìde lọ wo nǹkan. Àwa mọ “mò ń bọ̀”, a lè wí i bí a ṣe ń jáde lọ. Létí àwọn ará ibí, ẹni tó ní òun ń bọ̀ ti wà lójú ọ̀nà ilé wọn nìyẹn. “One moment, please” ti tó.

AláṣọÒkè_Ìsẹ́yìn · Ajé, 10:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an o. Ọ̀rọ̀ “hand length” yẹn wọ̀ mí lára, torí ó ti ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan fi iye kan ránṣẹ́ tí mo rò pé ó ṣi téèpù lò.

Tíṣà, ẹ̀gbọ́n mi ló yá mi ní àlùmọ́gàjí. “Borrow” ló yẹ kó jẹ́ àbí “lend”? Mo ti gbọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn tó kàwé.

TíṣàFẹ̀yìntì · Ajé, 11:05 àárọ̀

Ìbéèrè tó dáa. Èyí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń ṣì jù, “borrow me your ruler”, bẹ́ẹ̀ Yorùbá gan-an ti fún wa ní àmì tí a lè fi dá a mọ̀.

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí. “Ẹ̀gbọ́n mi yá mi ní àlùmọ́gàjí.” “Mo yá àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.” Ọ̀rọ̀ “yá” kan náà ni, ṣùgbọ́n “lọ́wọ́” wà nínú èkejì, kò sí nínú èkíní. Ibi tí Yorùbá bá ti ní “lọ́wọ́”, Gẹ̀ẹ́sì á ní “borrow from”. Ibi tí kò bá ti sí “lọ́wọ́”, tí a kàn yá èèyàn ní nǹkan, “lend” ni. Tó bá ti kọjá, ó di “lent”: “My sister lent me her scissors. I borrowed the scissors from my sister.” Ẹ fi gbólóhùn yín wá “lọ́wọ́” kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ò ní ṣì í mọ́.

“Kọ́” náà ń tẹ̀ lé e. “Ó kọ́ mi ní aṣọ rírán”: “She taught me to sew.” “Mo kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ rẹ̀”: “I learnt to sew from her.” “Lọ́dọ̀” ló ń tọ́ka sí “learn”. Ẹni tó bá kọ “She learned me work” kò gbọ́ ohun tí Yorùbá tiẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́_GCE · Ajé, 11:40 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀sán sà. Kí ló dé tí ẹ fi kọ “scissors” pẹ̀lú “s”? Ẹyọ kan ṣoṣo kọ́ ni?

TíṣàFẹ̀yìntì · Ajé, 12:10 ọ̀sán

Ẹyọ kan ni lójú wa, ọmọ mi. Gẹ̀ẹ́sì ń ka ojú abẹ rẹ̀ méjèèjì. Ohunkóhun tó bá ní apá méjì tó so mọ́ra báyìí, ọ̀pọ̀ ni: “scissors”, “trousers”, “shorts”, “glasses”. Tí o bá fẹ́ ka ẹyọ, “a pair of trousers”. Kò sí “one trouser”.

Òdì kejì rẹ̀ ló ń gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú WAEC. Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀-orúkọ padà nítorí ọ̀pọ̀: àga kan, àga mẹ́wàá, àga náà ni. Nítorí náà ọmọ á kọ́kọ́ máa kọ “two book”. Tíṣà á nà án, á ní “s” dà? Láti ọjọ́ náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi “s” sí gbogbo nǹkan: “informations”, “furnitures”, “equipments”, “advices”, “luggages”. Àwọn wọ̀nyí kì í gba “s” rárá. “A piece of advice”, “two pieces of luggage”, “some information”. Ìyá Aláṣọ, ẹ kíyè sí “material” náà. Tí ẹ bá ń sọ nípa aṣọ tí a kò tíì rán ní yáàdì, “five yards of material”, kò gba “s”.

ỌmọKétu · Ajé, 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo ilé. Kétu ni mo wà, ní Bẹ̀nẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé, nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ òwò dé Ìmẹ̀kọ ni Gẹ̀ẹ́sì di dandan. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ “in eight days” tó wà nínú ìwé Màmá, torí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án, ó sì léwu ju “next tomorrow” lọ.

Ọjọ́ kẹjọ òní ni Màmá ní lọ́kàn. Bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka òní mọ́ ọn. Òní jẹ́ ọ̀kan, ọ̀la jẹ́ èjì, ọ̀túnla jẹ́ ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún. Nítorí náà òní Ajé, ọjọ́ kẹjọ òní ni Ajé tó ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka òní. “In eight days” lẹ́nu wọn jẹ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ti sún ọjọ́ síwájú láìmọ̀. “A week today” tàbí “next Monday” ló bá a mu.

Ó tún wà ní ti ẹ̀yìn. Tí Màmá bá fi aṣọ ránṣẹ́ ní ìjẹta, tí wọ́n wá kọ “three days ago”, oníbàárà á máa wá ẹrù rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò tíì kúrò ní Ìsẹ́yìn. Ìjẹta jẹ́ “two days ago”. Ìjẹjọ jẹ́ “a week ago”.

Ohun tó jẹ́ ìyanu fún mi ni pé Faransé bá wa mu níbí. Àwọn náà ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní “huit jours”, ọjọ́ mẹ́jọ. Nítorí náà àwa tí a ti Faransé dé Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà méjì ni àṣìṣe yẹn ń gbà bá wa.

“Since two weeks” náà, bẹ́ẹ̀ ni. Yorùbá ní “láti” fún méjèèjì: láti ọ̀sẹ̀ méjì, láti ọdún 2019. Faransé ní “depuis” fún méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ló yà á: iye àkókò, “for two weeks”, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, “since 2019”. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́: “I have been working alone for two weeks.”

Èyí tó kàn wá tó ń kó àwa ará Bẹ̀nẹ̀ sí wàhálà jù ni “demand”. Lédè Faransé, “demander” ni kéèyàn béèrè. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa á kọ sí oníṣòwò ará Èkó pé “I demand the price”, onítọ̀hún á rò pé ìjà ti dé. “Ask” ni. “Library” náà kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé, ibi tí wọ́n ti ń kà á ni. Ẹni tó bá sì ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀, kó má sọ pé “I have twenty-five years”, “I am twenty-five”.

Ahunṣọ_Ọ̀yọ́ · Ajé, 2:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Kétu, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn wọ inú mi.

Èmi fẹ́ bá Ìyá Aláṣọ sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀. “The black one” yẹn, ṣé ẹtù ni? Tó bá jẹ́ ẹtù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “black”. Èdè wa ní dúdú, funfun, pupa, àwọn mẹ́ta yìí sì gbòòrò. Ohun tí a rẹ lélùú léraléra tó fi ṣókùnkùn, dúdú la ń pè é. Oyinbo á wo ẹtù náà, á ní “dark blue” tàbí “indigo”. Bí ẹ bá kọ “black”, tí ọmọ náà sì ti ra bàtà àti báàgì dúdú kirikiri láti fi wọ̀ ọ́, nígbà tí aṣọ bá dé, á ní ẹ gbé ti ẹlòmíràn fún òun.

Pupa náà gbòòrò bẹ́ẹ̀. Epo pupa, èèyàn pupa, àlààrì pupa: Gẹ̀ẹ́sì ò lè fi “red” pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èèyàn pupa jẹ́ “light-skinned”. Àlààrì ni “deep red” tàbí “crimson”. Sányán ńkọ́, tí àwa kan máa ń pè ní pupa rúsúrúsú? “Beige” ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbé aṣọ náà síta nínú oòrùn, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi orúkọ àwọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ojú wọn á jẹ́rìí.

Nọ́ọ̀sì_Manchester · Ajé, 3:10 ọ̀sán

Ó ku “My mother is sick, he is in hospital”. Ìyá Aláṣọ, mo bá yín dárò, ara wọn á yá.

Gbogbo wa la mọ̀ pé obìnrin ni ìyá. Ohun tó ń jẹ́ kí “he” jábọ́ lẹ́nu wa ni pé “ó” kì í wo akọ tàbí abo. Ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́, àga, “ó” ni gbogbo wọn. Ọjọ́ orí àti ọ̀wọ̀ ni arọ́pò-orúkọ tiwa ń wò. Tó bá jẹ́ àgbà, ó di “wọ́n”. Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe é ní òdìkejì: ọba wọn gan-an, “he” ni, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ náà, “he” ni. Nítorí náà àṣìṣe méjì ni à ń ṣe níbí. Àkọ́kọ́ ni “he” fún obìnrin. Èkejì ni “they” fún àgbà kan ṣoṣo: “My father said they are coming”, oníbàárà á máa retí ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ẹ má rò pé ẹ ń rí àgbà fín tí ẹ bá kọ “she” fún ìyá yín. Èdè wọn ò ní ibòmíràn tí wọ́n ń kó ọ̀wọ̀ náà sí nínú arọ́pò-orúkọ.

“Ma” tó wà níwájú ńkọ́? Ọmọbìnrin tó ń ṣègbéyàwó ní London kò retí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ fi kí i. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti pe oníbàárà ní orúkọ ní gbangba bẹ́ẹ̀, èmi náà ò tètè fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn gbà pé ẹ̀rín músẹ́ ni.

TíṣàFẹ̀yìntì · Ajé, 4:00 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́. Ó ku “You did not sent”. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà: mo lọ lánàá, mo máa lọ lọ́la, “lọ” kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ń yí tiẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń fi àmì àná sí i. Tí “did” bá ti gbà á, èyí tó tẹ̀ lé e á padà sí bó ṣe wà: “did not send”, “did you go”, “did she pay”.

Ẹ̀wẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ tọ́ ọ, “You did not send the balance” le létí. Bí ẹni ń fẹ̀sùn kàn án ni. “Have you sent the balance?” ni kí ẹ kọ, ìbéèrè lásán ni.

Ọmọ_Mushin · Ajé, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Sà, ẹ̀kọ́ ńlá ni gbogbo èyí. Àmọ́ ṣé kò ní í rọrùn tí èèyàn bá kàn gbàgbé Yorùbá, kó máa ronú ní Gẹ̀ẹ́sì tààrà? Bí wọ́n ṣe sọ fún wa nìyẹn ní ilé-ìwé. Tí o bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, o máa san owó ìtanràn.

TíṣàFẹ̀yìntì · Ajé, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, owó ìtanràn yẹn ti ba nǹkan púpọ̀ jẹ́, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nìkan, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ẹni tó bá mọ bí èdè tirẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ohun tó máa fi wọn èdè elédè. Àmì “lọ́wọ́” tí mo fi han Ìyá Aláṣọ láàárọ̀, ẹni tó bá ti gbàgbé Yorùbá kò lè rí i lò.

AláṣọÒkè_Ìsẹ́yìn · Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Mo ti tún un kọ, mo sì ti fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná:

“Good morning, Tola. Your outfit is almost ready. The sleeves are too long, but I will shorten them. My sister has lent me her scissors. The dark blue set will be ready on Wednesday and the deep red one next Monday. My mother is ill and she is in hospital, so I have been working alone for two weeks. Have you sent the balance?”

Ó ti dáhùn. Ó kí ìyá mi, ó ní òun ti san owó. Ó wá béèrè pé “So you can't send the red one before Friday?” Òótọ́ ni, mi ò lè fi ránṣẹ́ kí Ẹtì tó dé. “Yes” ni mo fẹ́ kọ. Ó tọ̀nà àbí kò tọ̀nà?

Nọ́ọ̀sì_Manchester · Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Ẹ dúró, ẹ má tẹ̀ ẹ́! “No, I can't” ni. (“Good morning” lálẹ́ àná, á ti yé e, ẹ má dààmú.)

Yorùbá tó bá dáhùn ìbéèrè tó ní “kò” nínú, ẹni tó béèrè ló ń dá lóhùn. “Ṣé ẹ ò lè fi ránṣẹ́?” “Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lè fi ránṣẹ́.” Ìyẹn ni pé, òótọ́ lo sọ. Gẹ̀ẹ́sì kì í wo ohun tí ẹni náà sọ. Ohun tí ẹ fẹ́ sọ fúnra yín ló ń wò. Bí gbólóhùn yín bá ní “not” nínú, “No” ló máa ṣíwájú rẹ̀. Bí kò bá ní, “Yes”. Kò sí ìgbà kankan tí wọ́n máa sọ pé “Yes, I can't”.

Mo fẹ́ràn kí n máa tẹnu mọ́ èyí torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan tí mo ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní àárọ̀. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọlé béèrè nípa ìyá àgbà kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà: “She hasn't had her insulin?” Ọmọ Yorùbá tó ń jáde lọ dáhùn pé “Yes”. Lọ́kàn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò tíì gbà á. Létí ẹni tó béèrè, wọ́n ti gbà á. Ọpẹ́lọpẹ́ pé onítọ̀hún tún ṣí ìwé wò kó tó kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà, mo máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kí wọ́n má fi “Yes” tàbí “No” nìkan dáhùn. Kí wọ́n sọ gbólóhùn náà tán: “No, she hasn't had it yet.”

“Do you mind” náà ń bẹ. Bí ó bá kọ “Do you mind if I pay on Saturday?”, tí ẹ wá dáhùn “Yes”, ẹ ti kọ̀ fún un nìyẹn. “Saturday is fine” ni kí ẹ kọ, ó ti parí.

AláṣọÒkè_Ìsẹ́yìn · Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Háà! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. “No, I can't. It will be ready next Monday” ni mo kọ.

Báwo ni mo ṣe lè kí i “ẹ kú ìnáwó”?

ỌmọKétu · Ìṣẹ́gun, 8:00 àárọ̀

Màmá, kò sí lọ́dọ̀ wọn, kò tiẹ̀ sí nínú Faransé. “Congratulations on your wedding” ni kí ẹ kọ. Tí ẹ bá tú ìnáwó, á rò pé ẹ ń sọ fún òun pé òun ń ná owó jù.

Ọmọ_Mushin · Ìṣẹ́gun, 8:45 àárọ̀

Ìyá Aláṣọ, mo gbọ́ pé àwọn oníbàárà kan fẹ́ràn voice note ju ìwé lọ. Tíṣà, kí ni wọ́n máa ṣe sí iye owó? Ẹ̀gbọ́n mi kan pe “fifteen” fún oníbàárà, “fifty” ni wọ́n gbọ́.

TíṣàFẹ̀yìntì · Ìṣẹ́gun, 9:30 àárọ̀

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nínú Yorùbá, gbogbo sílébù ló ní ohùn tirẹ̀, a sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kíkún. Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, á sáré kọjá lórí ìyókù. Nínú “fifty”, ti iwájú ni wọ́n ń tẹ̀, ti ẹ̀yìn á kúrú. Nínú “fifteen”, ẹ fa ti ẹ̀yìn gùn, kí ẹ sì jẹ́ kí “n” dún. Àwa máa ń pe méjèèjì ní ọgbọọgba, “n” á sì wọ imú lọ, etí wọn á wá gbé èyí tó wù ú. “Thirteen” àti “thirty”, “sixteen” àti “sixty”, bákan náà ni.

Ohùn míràn tí ẹ lè ṣọ́ ni “ch”, torí Yorùbá ò ní in, “ṣ” la fi ń rọ́pò rẹ̀. “Watch” á di “wash”. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ náà nínú voice note pé kó “watch the fabric” nínú fídíò, ó lè lọ rẹ aṣọ òkè sínú omi.

Ní ti owó, ẹ pe nọ́ńbà náà lẹ́yọ lẹ́yọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pè é tán: “fifteen, one five”. Kí ẹ sì tẹ iye náà ránṣẹ́ ní nọ́ńbà lábẹ́ voice note kí ó tó san kọ́bọ̀.